Fajita: ẹran tí olówó màlúù kò kà sí, tó wá di oúnjẹ hótẹ́ẹ̀lì, àti bí ẹ ṣe lè ṣe é nílé

Ariwo rẹ̀ ni èèyàn máa ń gbọ́ kó tó rí i. Ní ilé oúnjẹ ní Houston tàbí San Antonio, ní ìpínlẹ̀ Texas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gbé oúnjẹ á jáde láti ilé ìdáná pẹ̀lú àwo irin dúdú kan lọ́wọ́. Ẹran màlúù tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti tàtàṣé. Àwo náà gbóná débi pé ó ń dún "ṣàà, ṣàà", èéfín ń ru sókè, òórùn ẹran sísun gba gbogbo yàrá. Kó tó dé ibi tó ń gbé e lọ, gbogbo ojú ti yí sí i. Kì í pẹ́ tí ẹni tó jókòó sí tábìlì kejì á fi sọ pé irú èyí ni òun náà fẹ́.

Fajita ni orúkọ oúnjẹ yìí. Èdè Spéìn ni, "fahíta" sì ni wọ́n ń pè é lẹ́nu. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé Houston, tí wọn kò kéré níye, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́ níta, tó wá gbìyànjú rẹ̀ nílé, ni nǹkan kì í bọ́ sí i fún. Ẹran á le bí awọ bàtà, omi á kún inú páànù, àlùbọ́sà á rọ̀ jù, ohun tó yẹ kó jẹ́ ẹran sísun á wá dà bí ọbẹ̀ tí kò jiná. Wọ́n á ní àṣírí kan wà lọ́wọ́ àwọn alásè hótẹ́ẹ̀lì tí wọn kì í sọ fún èèyàn.

Kò sí àṣírí kankan ńbẹ̀. Ohun mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀: irin tó gbóná gidi, ẹran tí ara rẹ̀ gbẹ, àti ọ̀bẹ tó mọ ibi tó yẹ kó gbà. Ohun kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀. Oúnjẹ yìí kò ti hótẹ́ẹ̀lì wá. Àgbàlá àwọn òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò tó nǹkan ló ti wá, àwọn hótẹ́ẹ̀lì ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyìí kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni máa ka ìlànà sí i létí.

Ìgbànú màlúù

Ní èdè Spéìn, "faja" ni ìgbànú. "Fajita" sì ni ìgbànú kékeré. Ẹran kan pàtó lára màlúù ni wọ́n fún lórúkọ yẹn: ẹran pẹlẹbẹ gígùn tó wà láàárín àyà àti ikùn, èyí tó máa ń gbéra tó sì máa ń wálẹ̀ bí màlúù bá ṣe ń mí. Ó gùn, kò nípọn, ó rí bí ìgbànú lóòótọ́. Tí a bá ka èyí tó jọ ọ́ ní ìhà ikùn mọ́ ọn, ege mẹ́rin péré ló wà lára màlúù kan, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì.

Ẹran tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru ni, nítorí náà fọ́nrán rẹ̀ ki, ó sì le. Ṣùgbọ́n ẹran tó bá ń ṣiṣẹ́ ló máa ń ládùn jù. Ẹni tó bá ti fi eyín fa ẹsẹ̀ adìẹ ìbílẹ̀ mọ ohun tí a ń sọ.

Texas jẹ́ ara Mexico títí di ọdún 1836, ní 1845 ló sì di ara Amẹ́ríkà. Ní gúúsù rẹ̀, lẹ́bàá odò Rio Grande tó pààlà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, iṣẹ́ ọ̀sìn màlúù ló gbòde. Àwọn tó ń da màlúù ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní vaquero, ọmọ ìran Mexico ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí wọ́n bá pa màlúù, olówó màlúù á mú ẹran ẹ̀yìn àti ẹran itan, èyí tó rọ̀ tó sì níyì lọ́jà. Orí, ìfun, awọ àti ẹran ìgbànú yìí ni wọ́n máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí ara owó iṣẹ́ wọn. Ní ọ̀rọ̀ tiwa, ẹran tí alápatà ń fi ṣe èènì ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà kò jẹ́ kó ṣòfò. Wọ́n á bó awọ fẹ́lẹ́ tó bò ó, wọ́n á fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ pa á lára, wọ́n á sì yan án lórí igi mesquite, igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó pọ̀ ní agbègbè náà, tí iná rẹ̀ mú ṣáṣá. Bó bá ti jiná, wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á wé e sínú tortilla, ìyẹn búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe. Ọjọ́ ìsinmi ni ẹbí máa ń péjọ jẹ ẹ́ ní àgbàlá. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́ báyìí, tí àwọn ará ìlú ńlá kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Alápatà kan àti opó kan

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, alápatà kan láti ìlú Austin, Juan Antonio Falcon, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Sonny Falcon, gbé iná rẹ̀ lọ síbi ayẹyẹ ìlú kan ní Kyle, ní Texas, ó sì ta fajita fún àwọn tó wá. Lẹ́yìn náà ló ń gbé e káàkiri ọjà àti ibi ìdíje àwọn agẹṣin, títí tí wọ́n fi ń pè é ní ọba fajita. Ìṣirò alápatà ló fi wọ iṣẹ́ náà: ó mọ ẹran tí àwọn oníbàárà kì í béèrè, ó sì mọ̀ pé adùn wà níbẹ̀.

Ẹnì kejì ni Ninfa Laurenzo. Ọdún 1924 ni wọ́n bí i, ní Harlingen, ní àgbègbè odò Rio Grande yẹn gan-an. Òun àti ọkọ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Houston tí wọ́n ti ń ṣe tortilla. Ní 1969, ọkọ rẹ̀ kú, ó sì fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ fún un. Iṣẹ́ tortilla náà kò mówó wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní oṣù Keje ọdún 1973, ó to tábìlì mẹ́wàá sí iwájú ilé iṣẹ́ náà, ní òpópónà Navigation, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta oúnjẹ. Ẹran ìgbànú tí wọ́n yan lórí iná, tí wọ́n wé sínú tortilla tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ni ohun tó mú èèyàn máa tò síwájú ilé rẹ̀. Mama Ninfa ni wọ́n wá ń pè é káàkiri Houston. Ilé oúnjẹ tó wà ní Navigation yẹn ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ìyá náà fúnra rẹ̀ sì kú ní 2001.

Ẹ̀yin ìyá tó ń ta oúnjẹ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Sábẹ̀, ẹ ó rí i pé ìtàn yìí kò ṣàjèjì. Obìnrin náà kò dá nǹkan tuntun kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń jẹ nílé ìyá rẹ̀ ló gbé síta, ó sì ṣe é bó ṣe yẹ kó rí.

Nígbà tó fi máa di 1982, hótẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Austin ti gbé fajita sínú oúnjẹ tí wọ́n ń tà, lórí àwo irin tó ń dún ṣàà. Ẹran tó rọ̀ jù ni wọ́n lò, kì í ṣe ẹran ìgbànú. Òkìkí rẹ̀ kàn, àwọn ilé oúnjẹ yòókù náà sì tẹ̀lé e.

Láti ìgbà náà, nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà pàdánù ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ta fajita adìẹ, wọ́n ń ta fajita edé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, a kò rí adìẹ tó ń sán ìgbànú rí, ká má tíì sọ ti edé. Èkejì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹran tí wọ́n ń fún òṣìṣẹ́ nítorí pé kò lówó lórí, owó rẹ̀ gbẹ́nu sókè lọ́nà tó jẹ́ pé ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ní láti ronú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rà á. Ege mẹ́rin ni lára màlúù kan, gbogbo ayé sì fẹ́ ẹ. Àwọn ará Japan pàápàá, tí wọ́n fẹ́ràn láti yan án lórí èédú, ń rà á láti Amẹ́ríkà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ṣe fajita nílé rẹ̀ lónìí kò jí iṣẹ́ hótẹ́ẹ̀lì ṣe. Ó dá oúnjẹ náà padà síbi tó ti wá ni.

Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tí a kì í ṣe nílé?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló kọ́ sísè ẹran báyìí: a bọ ẹran, a fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí i, a jẹ́ kó jiná nínú omi rẹ̀, lẹ́yìn náà ni a dín in. Ọ̀nà tó dára ni fún ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ọ̀nà yẹn wá síbi fajita, ó ti bàjẹ́.

Ìdí rèé. Omi kì í gbóná kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó di oru. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa tó ń wà lára ẹran sísun, pẹ̀lú òórùn tó ń mú kí itọ́ ṣẹ́ ní ẹnu, ó nílò ooru tó ju 140 lọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì wà lára ẹran, ìbọ̀ ni ẹran ń bọ̀, kì í sun. Bí iná bá kéré, omi inú ẹran á jáde kó tó gbẹ. Bí ẹran bá kún inú páànù jù, irin á tutù, omi á tún jáde. Bí ẹ bá da omi tí ẹ fi pa ẹran lára sínú páànù pẹ̀lú rẹ̀, ọbẹ̀ lẹ ń sè.

Àwo irin hótẹ́ẹ̀lì nípọn, ó sì wúwo. Irin tó wúwo máa ń tọ́jú ooru, kì í tutù nígbà tí ẹran tútù bá bọ́ sí i. Ohun tó ń dún ṣàà kò sì ju omi díẹ̀ tó ń di oru lójú ẹsẹ̀ lórí irin gbígbóná lọ. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀.

Àwọn tó ń sun ẹran tchatchanga ní Kútọnu àti ní Àjàṣẹ́ mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ń gé ẹran fẹ́lẹ́, wọ́n ń jẹ́ kí èédú pọ́n, wọn kì í bọ ẹran kí wọ́n tó fi í sórí iná. Ẹni tó bá ti dúró níwájú wọn rí ti rí ìdajì iṣẹ́ fajita.

Ohun tí ẹ nílò

Èyí tó fún èèyàn mẹ́rin sí márùn-ún ni:

Ẹran màlúù tí kò ní eegun, kílò kan. Bí alápatà yín bá mọ ẹran pẹlẹbẹ tó wà láàárín àyà àti ikùn, ẹ ní kó yọ ọ́ fún yín. Bí kò bá sí, ẹran pẹlẹbẹ ìhà ikùn tàbí ẹran itan dára.

Ọsàn wẹ́wẹ́ mẹ́ta.

Òróró ṣíbí ńlá mẹ́ta.

Aáyù, ọmọ mẹ́rin, kí ẹ lọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ gún un.

Iyọ̀ ṣíbí kékeré méjì.

Ata gígún àti ata dúdú, bí ẹnu yín bá ṣe gbà á.

Kúmínì lílọ̀, ṣíbí kékeré kan. Èso wẹ́wẹ́ olóòórùn dídùn ni, àwọn ará Mexico fẹ́ràn rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i lọ́jà, ẹ fò ó. Kò ní ba nǹkan jẹ́.

Àlùbọ́sà ńlá méjì àti tàtàṣé mẹ́ta. Bí èyí tó ní àwọ̀ ewé bá wà, ẹ dà wọ́n pọ̀.

Agbada irin tó wúwo. Páànù fẹ́ẹ́rẹ́ kò ní tọ́jú ooru tó.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹran. Ẹ bó awọ funfun fẹ́lẹ́ tó bá bò ó, nítorí pé awọ yẹn kì í rọ̀ láéláé. Bí ẹran bá nípọn ju sẹ̀ńtímítà méjì lọ, ẹ là á sí méjì ní pẹlẹbẹ.

Ẹ po òróró, omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, aáyù, iyọ̀, ata àti kúmínì pọ̀, kí ẹ fi pa ẹran náà lára. Ẹ bò ó, kí ẹ gbé e sí ibi tútù fún wákàtí kan sí méjì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú ọsàn. Omi kíkan kì í wọ inú ẹran lọ jìnnà, ojú ẹran ló ń bá jà, bó bá sì pẹ́ jù, ojú ẹran á rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí omi kàn. Iyọ̀ nìkan ló ń wọlé dáadáa nínú gbogbo wọn.

Màlúù àwọn Fúlàní wa ti rìn púpọ̀ kó tó dé ọjà, ẹran rẹ̀ sì le ju ti màlúù Texas tí wọ́n fi ọkà bọ́ lọ. Fún irú ẹran bẹ́ẹ̀, ẹ rin ìbẹ́pẹ dúdú, ìyẹn èyí tí kò tíì pọ́n, ṣíbí ńlá kan, kí ẹ pò ó mọ́ àwọn nǹkan tó kù. Ohun kan wà nínú oje ìbẹ́pẹ tó ń já fọ́nrán ẹran. Ààbọ̀ wákàtí tó fún un. Ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó sun ẹran náà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹran á di ẹ̀kọ.

Ẹ dá iná ńlá, kí ẹ gbé agbada irin kà á láìfi òróró sí i. Ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Bí ẹ bá ta omi díẹ̀ sí i, tí omi náà sáré kiri bí ìlẹ̀kẹ̀ kó tó parẹ́, ó ti tó.

Nísinsìnyí, ẹ mú ẹran kúrò nínú ohun tí ẹ fi pa á lára, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tàbí bébà ìnuwọ́ nù ún títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n rò pé adùn ni àwọn ń nù dànù. Adùn tó máa wọlé ti wọlé. Ẹ fi òróró díẹ̀ ra ara ẹran náà, kì í ṣe inú agbada, èéfín á sì dín kù.

Ẹ tẹ́ ẹran sínú agbada, ege kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan, kí àyè wà láàárín wọn. Bí ẹ kò bá gbọ́ "ṣàà" lójú ẹsẹ̀, irin kò tíì gbóná; ẹ yọ ọ́, kí ẹ dúró. Ẹ má ṣe máa yí i kiri. Ẹ jẹ́ kó dá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí ẹ yí i padà lẹ́ẹ̀kan péré, kí ẹ sì tún fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ní Texas, ọ̀pọ̀ ń jẹ ẹ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì pọ́n. Ní ti ẹran ọjà wa, a gbà yín níyànjú pé kí ó jiná dé inú, nítorí kòkòrò àti aràn inú ẹran. Nítorí pé ẹran náà kò nípọn, ìṣẹ́jú kan tàbí méjì sí i ni yóò gbà.

Ẹ gbé ẹran sórí àwo, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí ẹ bá gé e lójú ẹsẹ̀, omi inú rẹ̀ á dà sórí pákó. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn, ẹ da òróró díẹ̀ sínú agbada kan náà, kí ẹ da àlùbọ́sà àti tàtàṣé tí ẹ ti gé gbọọrọ sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún tó. Ẹ fẹ́ kí etí wọn dúdú díẹ̀, kí àárín wọn sì ṣì máa dún lẹ́nu.

Ibi tí ọ̀bẹ gbà

Ẹran lè jiná dáadáa kó ṣì le, bó bá jẹ́ pé ọ̀bẹ ló ṣì í. Ẹ wo ojú ẹran náà: ẹ ó rí fọ́nrán tó tò lọ ní ìhà kan, bí okùn tí wọ́n tò jọ. Bí ẹ bá gé e ní ìhà tí fọ́nrán ń lọ, okùn gígùn lẹ máa fi sẹ́nu, eyín ni yóò sì jà. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ dábùú fọ́nrán náà, ẹ ti gé okùn kọ̀ọ̀kan sí kúkúrú, iṣẹ́ eyín ti dín kù.

Nínú ẹran ìgbànú, fọ́nrán máa ń gba ìbú, kì í gba òró. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ gé e sí ege tó gùn tó ìka ọwọ́ kan, kí ẹ yí ege kọ̀ọ̀kan padà, kí ẹ wá gé e tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdábùú. Nínú ẹran ìhà ikùn, òró ni fọ́nrán ń gbà. Ẹ má ṣe há a sórí. Ẹ wò ó kí ẹ tó gé e.

Tortilla àti àwọn èròjà rẹ̀

Àgbàdo ni tortilla àtijọ́ ní Mexico. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbin àgbàdo ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ọdún sẹ́yìn, kí àwọn Potogí tó kó o dé etíkun wa ní bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ata àti ìbẹ́pẹ náà, ìhà ibẹ̀ ni wọ́n ti wá. Nítorí náà, ìdajì ohun tí wọ́n ń fi se oúnjẹ ní Mexico ti wà nínú oko wa látọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun àgbàdo ọjà wa kò ní dì mọ́ra fún tortilla, nítorí pé àwọn ará Mexico máa ń fi omi ẹfun se àgbàdo wọn kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ti fajita kò tilẹ̀ le tó bẹ́ẹ̀, torí pé àlìkámà ni wọ́n ń lò fún un ní Texas.

Ẹ da ìyẹ̀fun àlìkámà 500 gíráàmù sínú abọ́, kí ẹ fi iyọ̀ ṣíbí kékeré kan àti ààbọ̀ sí i. Ẹ fi ọ̀rá tàbí òróró ṣíbí ńlá márùn-ún pò ó títí yóò fi dà bí iyanrìn. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń lò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á, kó lo òróró tàbí bọ́tà. Ẹ máa da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i díẹ̀díẹ̀, kò ní ju ife kan lọ, títí yóò fi di ohun kan tó rọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ pò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ bò ó fún ààbọ̀ wákàtí. Ìsinmi yìí ṣe pàtàkì: láìsí i, ẹ ó fẹ̀ ẹ́ títí, yóò máa sún padà ni.

Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, kí ẹ fi ìgò tàbí igi yí ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́. Ẹ gbé e sórí irin gbígbóná tí kò ní òróró. Bó bá ti wú síhìn-ín sọ́hùn-ún, tó ní àmì dúdú kékeré, ẹ yí i padà. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo rẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé wọn bí ẹ ṣe ń yọ wọ́n, kí wọ́n má baà gbẹ.

Fún ohun tí wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ẹ gé tòmátì, àlùbọ́sà àti ata tútù wẹ́wẹ́, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀. Ẹ kò ní sè é. Ẹ tún lè fi ṣíbí tẹ píà tó ti rọ̀, kí ẹ fi iyọ̀ àti ọsàn sí i. Ó ti tán.

Bí ẹ bá fẹ́ kó dún ṣàà lórí tábìlì, ẹ tún gbé páànù irin kékeré kan kaná títí yóò fi gbóná gan-an, kí ẹ gbé e sórí pákó, kí ẹ tẹ́ àlùbọ́sà sí i, kí ẹran tẹ̀lé e. Ẹ po omi ọsàn tó kù mọ́ omi ṣíbí kan, kí ẹ wọ́n ọn sí i. Ariwo náà á dé.

Ẹ ṣọ́ra

Ẹ má ṣe lo omi tí ẹran tútù ti wà nínú rẹ̀ láti fi wọ́n ẹran tó ti jiná; ẹ dà á nù. Pákó àti ọ̀bẹ tí ẹ fi gé ẹran tútù, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó fi gé tòmátì. Bó bá jẹ́ èédú ni ẹ fi ń dáná, ẹ ṣe é níta tàbí níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Afẹ́fẹ́ èédú nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ń pani, kò sì ní òórùn tí èèyàn fi máa mọ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé jìnnà sí àwo irin gbígbóná, nítorí àwọ̀ rẹ̀ kì í yí padà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Bí kílò kan bá pọ̀ jù fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ fi ààbọ̀ kílò dán an wò. Kí olúkúlùkù wá mú tortilla rẹ̀, kó bu ẹran, àlùbọ́sà àti tòmátì sí i, kó ká a, kó fi ọwọ́ jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn vaquero ṣe ń jẹ ẹ́ nígbà tí kò tíì sí hótẹ́ẹ̀lì kankan tó mọ orúkọ rẹ̀. Àti pé nígbà mìíràn tí alápatà bá fẹ́ fi ẹran pẹlẹbẹ líle kan ṣe èènì fún yín, ẹ gbà á, kí ẹ dúpẹ́, kí ẹ má sì sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un, kó má baà lọ fi owó lé e.